Ìpàdé Ọdọọdún Àwọn Ọlọ́sìn Ẹṣin Trakehner, àti Ọ̀nà Tí Wọ́n Gbà Dé Ibẹ̀

Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ọdún, tí àgbẹ̀ olóko kòkó kò rójú ráyè, àwọn ọlọ́sìn ẹṣin kan ní ilẹ̀ Jámánì a máa múra ìpàdé. Ìlú Neumünster, ní ẹkùn Holstein ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà, ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún wá, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tí à ń pè ní Holstenhallen. Akọ ẹṣin tí ó tó bí ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ní abo ẹṣin kan ṣoṣo a máa wá, ọlọ́rọ̀ tí ó ní ọgbọ̀n a máa wá, àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè a sì máa wá pẹ̀lú. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ọjọ́ mélòó kan yìí kò ṣòro láti sọ: wọn a yẹ àwọn akọ ẹṣin náà wò, wọn a sì kéde èyí tí ẹgbẹ́ gbà kí ó máa gun abo àti èyí tí ẹgbẹ́ kò gbà.

Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, òǹkàwé lè rò pé ọjà ẹran lásán ni mo ń ròyìn rẹ̀. Ọjà náà ni ní tòótọ́, nítorí lẹ́yìn àyẹ̀wò a máa ń ta ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà ní gbànjo, owó ńlá sì ń tọwọ́ bọ́ sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ tí ẹṣin náà ń jẹ́. Trakehner ni wọ́n ń pè é, èyí ni ẹṣin ará Trakehnen. Trakehnen kò sí ní Holstein, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní ilẹ̀ Jámánì rárá lónìí. Abúlé kan tí ó wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà láti ọdún 1945 ni, orúkọ tí àwọn ará Rọ́ṣíà sì fún un ni Yasnaya Polyana. Bí ẹṣin ṣe fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ tí kò sì sọ orúkọ rẹ̀ nù ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹṣin kì í ṣe àjèjì sí àwa náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún ẹnu àwọn àgbà, òwe gan-an ni wọ́n sì ń pè ní ẹṣin ọ̀rọ̀. Ogun ẹlẹ́ṣin wà lára ohun tí Ọ̀yọ́-Ilé fi gbilẹ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ṣùgbọ́n rírà ni wọ́n ń ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹṣin wọ̀nyẹn láti ìhà Òkè Ọya, nítorí eṣinṣin kan wà nínú igbó wa tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí ó sì ń fi kòkòrò àìsàn sínú rẹ̀. Ẹṣin tí ó bá ta a máa rù lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. Ìdí kan nìyí tí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kò fi lè ṣe bí ó ti wù wọ́n nínú igbó. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yíyan bàbá fún ọmọ ẹṣin jẹ́ ohun tí púpọ̀ nínú wa kò tí ì fi ojú rí, mo sì bẹ òǹkàwé kí ó fara balẹ̀ bá mi lọ.

Friedrich Wilhelm Kìíní, ọba Prussia, ni ó dá Trakehnen sílẹ̀. Ọba yìí fẹ́ràn ọmọ ogun, kò sì fẹ́ràn ìnákúnàá. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ òun máa bí ẹṣin tí òun yóò lò, dípò kí a máa fi owó ra ẹṣin láti òkèèrè. Ní ìhà ìlà-oòrùn ìjọba rẹ̀, ní ẹkùn tí à ń pè ní Prussia Ìlà-Oòrùn, ilẹ̀ àbàtà kan wà lẹ́bàá odò Pissa. Ó rán àwọn ọmọ ogun lọ síbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n fa omi rẹ̀ lọ, wọ́n sọ àbàtà di pápá koríko. Ní ọdún 1732 a kó 1,101 ẹṣin jọ sínú ọgbà náà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, a mú akọ ẹṣin eré ìje láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹṣin àwọn Lárúbáwá wá láti gun àwọn abo ibẹ̀, títí ẹṣin Trakehnen fi di ẹṣin gíga, ẹlẹ́sẹ̀ gbígbẹ, tí ó lè rìn jìnnà tí kì í sì í tètè rẹ̀. Ọgbà náà gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ya agbo abo ẹṣin sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ wọn: àwọn dúdú lọ́tọ̀, àwọn pupa lọ́tọ̀, àwọn aláwọ̀ ẹ̀pà lọ́tọ̀, àwọn tí àwọ̀ wọn pò pọ̀ sì wà ní tiwọn.

Àmọ́ ọgbà ọba nìkan kọ́ ni ẹṣin náà wà. Ibi tí ó yẹ kí àgbẹ̀ fiyè sí nìyí. Ìjọba ni ó ní àwọn akọ ẹṣin dáradára, ó sì pín wọn sí ibùdó púpọ̀, bí Rastenburg, Georgenburg àti Braunsberg. Láti ibùdó wọ̀nyí ni a ti ń rán akọ ẹṣin lọ sí ìgbèríko, kí àgbẹ̀ tí ó ní abo kan tàbí méjì lè mú un lọ sọ́dọ̀ akọ rere pẹ̀lú owó díẹ̀. Àgbẹ̀ ni ó ni abo, àgbẹ̀ ni ó ni ọmọ. Abo náà ń túlẹ̀ fún un, ó ń fa ìkórè wálé, ó ń gbé ìdílé rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ń bímọ. Nígbà tí ọmọ bá tó ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ ogun a wá rà á. Owó ẹṣin yìí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń kọ́lé, tí wọ́n fi ń fi ọmọ wọn sí ilé ẹ̀kọ́, gẹ́gẹ́ bí owó kòkó ti ṣe fún àwọn bàbá wa.

Ní ọdún 1888 àwọn ọlọ́sìn ẹkùn náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ṣí ìwé ìran. Ẹni tí ó bá ti ka orí kìíní Ìhìnrere Mátíù mọ ohun tí à ń pè ní ìwé ìran. Nínú ti àwọn ẹlẹ́ṣin, wọn a kọ orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, àti ti àwọn òbí àgbà lọ sókè títí. Nípa ìwé yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ bí ọmọ akọ kan bá ń yarọ léraléra, tàbí bí ọmọ abo kan bá ń ní sùúrù lọ́wọ́ ẹni tí ń gùn ún. Wọ́n tún ń fi irin gbígbóná tẹ àmì sí itan ẹṣin. Ẹranko kan wà ní igbó ilẹ̀ tútù náà tí ó jọ ìgalà, ṣùgbọ́n tí ó tóbi ju ẹṣin mìíràn lọ, ìwo rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú ẹ̀ka. Àwòrán ìwo yìí ni wọ́n fi ṣe àmì. Láti ọdún 1787 ni ẹṣin tí a bí ní Trakehnen gan-an ti ń gba ìwo kan, ẹlẹ́ka méje; láti ọdún 1922 ni ẹṣin àwọn àgbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ti ń gba ìwo méjì.

Bí mo ti ń kọ èyí, ilà ojú àwọn bàbá wa ni ó ń wá sí mi lọ́kàn. Nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí a ń kó ènìyàn láti ìlú kan lọ sí èkejì, ilà ni a fi ń mọ ọmọ ẹni láàárín èrò, oríkì orílẹ̀ ni a sì fi ń mọ ibi tí agbo ilé ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro, ṣùgbọ́n ọmọ ibẹ̀ kò di ẹni tí kò ní ìran. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà kàn án.

Ìgbà tí òkìkí ẹṣin náà kàn jù lọ ni ọdún 1936, nígbà tí a ṣe Ìdíje Òlíḿpíìkì ní Berlin. Nurmi, ẹṣin Prussia Ìlà-Oòrùn, ni ó borí nínú ìdíje alọ́jọ́-mẹ́ta tí ẹṣin fi ń sáré nínú pápá tí ó sì ń fò kọjá odi. Kronos ni ó borí nínú ìdíje ìrìn ẹ̀yẹ. Ọdún mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ parẹ́.

Ìjọba Hitler ni ó dá Ogun Àgbáyé Kejì sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 1939, nígbà tí ó kọlu Pólàńdì. N kò lè sọ pé ìyà tí ó jẹ àwọn ará Prussia ju èyí tí ọmọ ogun ilẹ̀ wọn ti fi jẹ Pólàńdì àti Rọ́ṣíà lọ. Kò jù ú. Ẹṣin kò sì mọ ẹni tí ó dá ogun sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1944, ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọ etí ilẹ̀ náà, a sì kó ẹṣin Trakehnen kúrò ní kánkán. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ lọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n aláṣẹ ẹgbẹ́ Násì tí ó wà lórí ẹkùn náà kọ̀. Ó ní ẹni tí ó bá di ẹrù, aláìnígbàgbọ́ nínú ìṣẹ́gun ni. Ó fi bẹ́ẹ̀ dá wọn dúró títí oṣù kìíní ọdún 1945, nígbà tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà ya wọlé, tí òjò dídì sì bo gbogbo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá.

Àwọn ọkùnrin wà lójú ogun. Obìnrin, arúgbó, ọmọdé, àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí ń ṣiṣẹ́ ní oko wọn, ni ó di ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ tí a fi igi ṣe, tí wọ́n sì so ẹṣin mọ́ ọn. Abo ẹṣin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn abo náà sì ti lóyún, nítorí ìgbà tí oyún ẹṣin ń dàgbà ni. Nígbà tí oṣù kìíní fi máa parí, ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti dé etí òkun, ọ̀nà orí ilẹ̀ sì ti dí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni ọ̀sà tí à ń pè ní Frisches Haff. Òtútù ti mú omi ọ̀sà náà dì gbagidi, bí ẹni pé a tẹ́ pákó sórí rẹ̀. Ní òdì kejì rẹ̀ ni ilẹ̀ tóóró kan wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lè rìn lọ sí ìhà Danzig.

Orí omi dídì yìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ̀kẹ́ gbà. Wọ́n ní láti jìnnà sí ara wọn kí omi má baà là. Ọkọ̀ òfuurufú ogun ń ju àdó olóró sórí wọn. Ibi tí àdó bá ti lu ihò, omi tuntun a dì sí i lókè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ̀kẹ́ tí ó bá sì gun ibẹ̀ lóru a wọlé tòun ti ẹṣin tòun ti ọmọ. Omi tí ó ti yọ́ díẹ̀ ń ga dé ọrùn ẹsẹ̀ ẹṣin. Ẹṣin tí kò ní irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lábẹ́ pátákò kò lè dúró. Abo púpọ̀ ni oyún bà jẹ́ lára wọn. Àwọn tí ó la ọ̀sà já kò tí ì dé ibì kankan. Wọ́n tún ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láti rìn nínú òtútù, tí wọn kò rí koríko bí kò ṣe èyí tí a bá tọrọ tàbí tí a bá jí, tí wọ́n sì ń sùn sí ìta gbangba.

Ẹnì kan nínú àwọn tí ó rìn ìrìn yẹn ni Marion Dönhoff, obìnrin ìdílé ọlọ́lá tí ń ṣe àbójútó oko àwọn ẹbí rẹ̀ ní Quittainen. Nígbà tí ó rí i pé kẹ̀kẹ́ kò lè tẹ̀ síwájú mọ́, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì pinnu láti padà, ó gun ẹṣin rẹ̀ tí ń jẹ́ Alarich, ó sì kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀sẹ̀ méje ni ó fi wà lórí ẹṣin náà kí ó tó dé Westphalia, ìrìn tí ó ju kìlómítà 1,000 lọ. Ó wá di olóòtú ìwé ìròyìn tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì kọ ìtàn ìrìn náà kí ó tó kú ní ọdún 2002. Ó ní orúkọ nítorí pé ó mọ̀wé kọ. Àwọn ìyá tí ó mú ìjánu dání láti Prussia dé Holstein, tí wọn kò kọ nǹkankan sílẹ̀, pọ̀ jù ú lọ.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a ka iye tí ó dé. Nínú gbogbo ẹṣin ọgbà Trakehnen tí ìjọba kó jáde ní ìgbà tí ọ̀nà ṣì dára, àwọn abo tí ó bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn kò tó 30. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun Rọ́ṣíà, a sì kó lára wọn lọ sí ọgbà Kirov ní ìhà Rostov, níbi tí wọ́n ti ń bímọ títí. Ṣùgbọ́n nínú ẹṣin àwọn àgbẹ̀, àwọn tí ó fa kẹ̀kẹ́ lórí omi dídì, nǹkan bí 1,000 ni ó yè. Ẹṣin ọba, tí ó ní olùtọ́jú àti dókítà tirẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Abo olóko tí ń túlẹ̀ ni ó gbé ìran náà kọjá. Mo ti rò ọ̀rọ̀ yìí lọ rò ó bọ̀, èmi kò sì rí i pé ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu: iṣẹ́ ti mú ara àwọn wọ̀nyí le, wọ́n mọ ohùn ẹni tí ń dà wọ́n, ẹni náà kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ nítorí àwọn ni wọ́n gbé ọmọ rẹ̀.

Dídé wọn kì í ṣe òpin wàhálà. Ogunléndé ni àgbẹ̀ náà báyìí, ilé onílé ni ó ń gbé. Kò ní pápá, kò ní ọkà. Ẹran jíjẹ wọ́n ní ilẹ̀ Jámánì lẹ́yìn ogun, ojú tí alápatà fi ń wo ẹṣin kò sì dára. Àwọn kan ń bá onílé ṣiṣẹ́ oko láìgba owó kí abo wọn lè rí koríko jẹ. Àwọn mìíràn tà á, ebi ni ó mú wọn tà á, ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ìwé ẹ̀rí ọ̀pọ̀ ẹṣin ti ṣòfò sínú omi. Nígbà náà ni àmì itan di ohun iyebíye. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ àtijọ́, tí Fritz Schilke jẹ́ olórí wọn, bẹ̀rẹ̀ sí wá inú ìgbèríko kiri. Abo rírù tí ń fa kẹ̀kẹ́ wàrà ní abúlé kan, bí a bá fọ ẹrẹ̀ itan rẹ̀ tí ìwo bá yọ, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ rẹ̀, bí olówó rẹ̀ bá rántí, àti orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1947 wọ́n pàdé ní Hamburg, ìlú tí àdó olóró ti sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di àlàpà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ fún ìran ẹṣin Trakehner. Àwọn àgbà wa ní bí ẹṣin bá dá ni, à tún un gùn ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó le nínú ìpàdé ti Hamburg kì í ṣe títún un gùn. Ó jẹ́ ìbéèrè kan: pẹ̀lú ẹṣin tí ó kéré tó báyìí, ṣé a ó gba gbogbo èyí tí a bá rí? Ẹni tí ó ní abo mẹ́ta péré, ta ni yóò sọ fún un pé ọ̀kan kò yẹ? Ẹ̀ṣọ́ ẹkùn mìíràn pẹ̀lú wà nítòsí. Àwọn ará Hanover àti Holstein ní ẹṣin tiwọn, ó sì rọrùn láti da ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ tiwọn kí agbo lè tètè pọ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dì mọ́ òfin àtijọ́ pé, yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ Trakehner fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹṣin eré ìje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Lárúbáwá nìkan ni ó lè wọlé. Wọ́n yan kí agbo kéré fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ óò rí i nísinsìnyí ìdí tí ìpàdé Neumünster fi wúwo lọ́kàn wọn. Kí ẹṣin tó dé ibẹ̀, àwọn olùyẹ̀wò ti kọ́kọ́ rìn káàkiri láti ṣa àwọn tí ó dára jù nínú akọ ọdún náà. Ní ọjọ́ ìpàdé, dókítà ẹran a yẹ ojú, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wò, a sì ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn a mú un rìn lórí ilẹ̀ líle, kí wọ́n lè gbọ́ bí pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń dún dọ́gba. Wọn a wo ẹsẹ̀ láti iwájú àti láti ẹ̀yìn, nítorí ẹsẹ̀ tí ó wọ́ sínú tàbí tí ó là síta a máa tètè bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí wọn a tú u sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn láìsí ẹlẹ́ṣin, kí ó sáré bí ó ti wù ú, kí ó sì fò kọjá igi tí a gbé dábùú. Ẹ̀rù ń bà á, ìró èrò pọ̀, iná mọ́lẹ̀. Wọ́n ń fi èyí mọ irú ọkàn tí ó ní. Níkẹyìn a ó tò wọ́n, a ó sì kéde orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdájọ́ rẹ̀ ní gbangba, níṣojú ẹni tí ó tọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n ń gbà kì í sábà tó ìdajì. Èyí tí wọ́n gbà náà yóò tún lọ sí ìdánwò lábẹ́ gàárì kí ọwọ́ tó kúrò lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́bàá ọ̀nà díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé wa, òbúkọ tí ó bá tètè dàgbà, tí àyà rẹ̀ gbòòrò, tí irun rẹ̀ ń dán, òun ni a kọ́kọ́ ń pa ní ọdún Kérésìmesì tàbí tí a kọ́kọ́ ń tà fún alápatà. Ràgàjìgà yìí lọ tán, òbúkọ kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà ni ó kù nílé, òun náà ni ó sì ń gun gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá a ó máa sọ pé ewúrẹ́ ìsinsìnyí kò dàgbà bí ti àtijọ́, a ó sì máa wá ẹni tí ó ṣe é. Mo ti bá àwọn àgbẹ̀ ìjọ wa sọ ọ́ pé kí ilé márùn-ún tàbí mẹ́fà fi owó pọ̀ dá òbúkọ rere kan sí, kí a so àwọn yòókù tàbí kí a tẹ̀ wọ́n lọ́dàá, kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan sì máa kọ ọjọ́ tí ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan bí àti iye ọmọ tí ó yè sínú ìwé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn méjì ṣe é.

Mo padà sórí ẹṣin. Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí tí ó dùn mọ́ mi: lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìyá ni ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ, ìbáà ṣe akọ tàbí abo. Bàbá lè ti òkèèrè wá, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ń tọ́ka sí ìyá, ìyá sì ń tọ́ka sí ìyá àgbà. Ní ti àmì irin gbígbóná, òfin ti yí i padà. Láti ọdún 2009 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti pàṣẹ pé kí a fi ẹ̀rọ kékeré kan, tí kò ju ìrẹsì lọ, sí abẹ́ awọ ọrùn ọmọ ẹṣin, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Ó rọrùn fún ẹranko, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fọ ẹrẹ̀ kúrò kí ó tó rí i. Ẹ̀rọ ni ó nílò.

Nígbà tí katakata gba ìtúlẹ̀ lọ́wọ́ ẹṣin lẹ́yìn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ìran ẹṣin oko tí ó wúwo kù díẹ̀ kí ó run. Trakehner fúyẹ́, ó dára ní gígùn, nítorí náà iṣẹ́ tuntun wà fún un. Àwọn ẹkùn mìíràn pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí wá yá akọ rẹ̀ láti tún ẹṣin oko tiwọn ṣe. Julmond, tí a bí ní Prussia Ìlà-Oòrùn ní ọdún 1938 tí ó sì là á já, ti di arúgbó ọmọ ọdún 22 kí ọgbà Marbach ní Württemberg tó mú un ní ọdún 1960. Ọdún márùn-ún péré ni ó lò níbẹ̀ kí ó tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ni wọ́n sọ ẹṣin oko ìlú náà di ẹṣin gígùn.

Ní ọdún 1984, Abdullah, akọ Trakehner kan, wà lára àwọn ẹṣin tí ó gba wúrà fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà nínú ìdíje fífò ní Los Angeles. Láìpẹ́ yìí ni ti abo kan tí ń jẹ́ Dalera, tí Jessica von Bredow-Werndl gùn. Ó gba wúrà méjì ní Tokyo ní ọdún 2021, ó sì tún gba méjì ní Paris ní ọdún 2024, kí wọ́n tó tú gàárì rẹ̀ kúrò nínú ìdíje. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Dark Magic, gẹ́gẹ́ bí àṣà lẹ́tà tí mo sọ.

Ní ti Trakehnen fúnra rẹ̀, ilé olórí ọgbà ẹṣin ṣì dúró ní abúlé náà, àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. A gbé ère idẹ akọ ẹṣin Tempelhüter síwájú ilé yẹn ní ọdún 1932, nígbà àjọ̀dún igba ọdún. Àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà kó o lọ sí Moscow lẹ́yìn ogun, ibẹ̀ ni ó sì wà. Àwọn ará Jámánì ṣe irú rẹ̀ mìíràn sí ìlú Verden.

Nígbà tí ìpàdé Neumünster bá parí, àwọn tí a gba ẹṣin wọn a di ẹni tí èrò yí ká. Ẹni tí a kò gba tirẹ̀ a mú ìjánu, a sì dá akọ náà padà sínú ọkọ̀. Ó lè tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí ó sì tà á fún ẹni tí ń wá ẹṣin gígùn, nítorí ẹṣin dáradára ni síbẹ̀. Tàbí kí ó mú un lọ sílé, kí ó tún wo abo rẹ̀ dáadáa, kí ó sì bèèrè akọ mìíràn fún un ní ọdún tí ń bọ̀.